Sítíkà Ara Táǹkì

Ọjọ́bọ̀ ni Ọ̀nàfẹ́sọ̀ gbé páálí kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi l'Òkè-Àgbò,
akọ̀wé Ẹgbẹ́ Oníbọn-Níwèé, Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ó nu bẹ́ǹṣì kó tó jókòó. Ó ní:
"Mẹkáníìkì, ọdún mẹ́sàn-án la ti ń ṣèpàdé,
àwa arúgbó mọ́kànlá kan náà ni.
Méjì ti kú. Ṣólàrú ò gbọ́ràn mọ́:
a ń sọ ti ẹ̀tọ́ wa lọ́wọ́, ó ń bi wá bóyá òjò ti dá.
Àwọn ọ̀dọ́ ò wá bá wa.
Ibi tí wọ́n wà la fẹ́ lọ bá wọn."

Ibi tí wọ́n wà, orí ọ̀kadà ni:
eré ìje ọdọọdún, Òkè-Àgbò sí Àtìkòrí, àlọ àtàbọ̀,
lójú títì tí kọngilá da yangí sí, tó bá tirẹ̀ lọ.
Lọ́dún tó kọjá, oní-sọ́míìlì ló náwó sí i.
Pákó méjìlá lẹ̀bùn ẹni tó ṣe ipò kìíní,
kò sì rí ohun tó máa fi kó o délé.
Lọ́dún yìí, Oníbọn-Níwèé ló ra epo,
àwọn ló ra táyà,
àwọn ló rán ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn
tí ọmọ Jàpàrá fi ń yan lójú ọmọ Òjowò.
Àti sítíkà: ìbọn olójú méjì, dúdú lórí funfun,
wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ILÉ MI, ÌBỌN MI, ÌWÉ MI PÉ.

Ọwọ́ mi yìí ni mo fi lẹ̀ ẹ́
mọ́ táǹkì Adénúsì, ọmọ iṣẹ́ mi.
Mo fi àkísà ti afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde,
mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dán.
Iṣẹ́ ni. Wọ́n sanwó iṣẹ́.

N kò sọ fún Ọ̀nàfẹ́sọ̀ pé Fọlárìn,
ẹni tí mo tẹ̀lé wáyé,
lọ yẹ pàkúté wò lóru ọjọ́ kan.
Ewé mì. Ọdẹ kan pè é ní ẹtu.
Ẹtu, ẹ̀tù: ohùn lásán ló là wọ́n láàrin.
Ìwé ọdẹ náà pé.
Ó mú un dé tẹ́ṣàn, wọ́n kà á,
wọ́n ká a dáadáa, wọ́n dá a padà fún un.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́.
Lóru tí wọ́n jí ìyàwó onígẹdú gbé lọ́nà oko,
àdá ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí,
mo ń wo ẹnu rẹ̀ nínú òkùnkùn,
mo ń rò ó bó ṣe kúrú tó.

Ìbọn ni wọ́n fi ṣí eré. Ṣólàrú ni wọ́n gbé e fún.
Ó yìn ín. Gbogbo adìẹ Òkè-Àgbò wọ abẹ́ àká,
ọmọ ọwọ́ figbe ta,
ọ̀kadà mẹ́rìnlélógún bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà,
eruku pupa gbé àwọn àti wa mì.
Láàrin rẹ̀ ni Ṣólàrú ti ń bèèrè:
"Ṣé ó dún?"

Adénúsì ṣe ipò kejì. Ṣéènì ló já a kulẹ̀.
Ọmọ Òjowò kan ló jẹ ẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.
Wọ́n fún un ní ẹ́ńjìnnì tuntun àti fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́;
wọ́n ní kó tọ́jú fọ́ọ̀mù dìgbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá tó.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́ọ̀mù ti tán.
Ọ̀nàfẹ́sọ̀ ń ya ewé ìwé ìpàdé, ó ń fi í kọ orúkọ,
lágùn-ún bò ó, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀,
àwọn ọmọdé sì ń fi igi ẹ̀gẹ́ na ara wọn:
pọ̀ọ́! O ti kú. Èmi kọ́. Ìwọ ni.

Ọjọ́ Ajé, oníbàárà kan wá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì,
àpò gàrí méjì lẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀.
Ó rí táǹkì Adénúsì, ó fọwọ́ pa á.
"Èyí mà wuyì o. Níbo ni mo ti lè rí i?"
Adénúsì wo ojú mi.
Mo ní kó fún mi ní sípánà mẹ́rìnlá.